Omi Kì Í Di Àáké Mú

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè ru ìdì igi láti oko baba mi délé láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀... Ìbùkún, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn? Gbé e sún mọ́ mi. Rárá, má gbé e lé àáké. Àáké yìí kì í ṣe tábìlì. Gbé e lé orí àpótí yẹn.

Ó dáa. Ìwọ lo ní kí n sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ fún ọ, pé o fẹ́ tọ́jú ohùn mi kí n tó lọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ̀rọ̀ oyè lónìí, n kò sì ní í sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó. Àáké tó wà lórí itan mi yìí ni màá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ fi pamọ́. Délé, ìwọ náà jókòó. Yé wo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ ṣì wà ní ìsọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ní àdúgbò Fájuyì, kò tíì tó àkókò tó máa ń dé. Ọmọ ọmọ mi ni ọ́, inú ilé mi lo ń gbé, o lè fún mi ní wákàtí kan.

Ẹ gbọ́. Ní Igbemo tí wọ́n bí mi sí, ìrẹsì là ń gbìn. Ẹ̀yin ń rà á nínú àpò, ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń hù. Bí a bá kórè rẹ̀ tán, a ó kọ́kọ́ sè é tòun tèèpo nínú àgbá ńlá, a ó sá a, kí a tó gún un. Iná tó ń se àgbá ìrẹsì kì í ṣe iná tí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lè dá. Igi gidi ni, igi tí wọ́n là. Ìyá mi ló ń se ìrẹsì fún ìdajì àdúgbò wa. Iná yẹn ló rán mi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Nítorí náà, nílé tiwa, àáké kì í ṣe ohun tí à ń jù sẹ́yìn ilé kí òjò máa pa á.

Baba mi ló ń ṣe èèkù rẹ̀. Ẹ má gbàgbé o, ọmọ ìjọ ni baba mi. Òun ló ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ yẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ní ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Àáké ayé ìgbà náà kò rí bíi tòní. Tòní, igi ló ń wọnú irin. Tiwa, irin ló ń wọnú igi. Alágbẹ̀dẹ á rọ irin náà, ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, ìdí rẹ̀ á tín-ín-rín bí ìrù eku. Igi tí a ó fi ṣe èèkù, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju ìkúùkù lọ, torí ibẹ̀ ni ihò yóò wà. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni baba mi ń gé igi yẹn, nígbà tí omi ara igi ti lọ sílẹ̀. Á wo bí ìlà inú igi ṣe ń lọ. Bí ìlà yẹn bá wọ́, á jù ú sínú ààrò. Bó bá tọ́, á gbẹ́ ẹ, á wá gbé e fún ìyá mi.

Kí ni ìyá mi fẹ́ fi ṣe? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin ló ń gbẹ́ èèkù, obìnrin ló ń tọ́ ọ dàgbà. Ìyá mi á gbé e sí àjà, lókè ààrò gan-an, kí èéfín máa gbà á. Ọ̀sẹ̀ kan kọ́. Oṣù kan kọ́. Láti ọ̀gbẹlẹ̀ títí a ó fi jẹ iṣu tuntun. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò ti dúdú, yóò ti fúyẹ́, kòkòrò kankan kò sì ní í lè jẹ ẹ́ mọ́. Nígbà náà ni baba mi yóò wá dá ihò sí i. Kì í sì í fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò yẹn. Ìdí irin àáké fúnra rẹ̀ ni yóò kì bọ iná títí yóò fi pọ́n, á tì í wọnú igi, igi á máa rú èéfín. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Irin ló ń jó ọ̀nà tirẹ̀, kò sí àyè tí yóò ti mì. Tí a bá ti wá ń la igi, ńṣe ni irin ń jókòó sí i.

Lẹ́yìn náà ni awọ ewúrẹ́ tútù. Wọ́n á wé e mọ́ ọrùn èèkù, níbi tí igi tí a ń là ti máa ń kan án bí ọwọ́ bá ṣì. Awọ yẹn á gbẹ, á fún un pinpin. Ìyá mi á wá fi àdín pa á láti òkè dé ìdí. Lóṣooṣù. Ó ní, "Bí ara tìrẹ bá ṣe ń fẹ́ ìpara, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀." Àáké wa kì í sùn síta. Kì í sùn nílẹ̀ tí ikán wà. Kò sì gbọdọ̀ rí omi.

Ta ló ń dúró de iṣu tuntun lónìí nítorí èèkù àáké? Ẹ óò lọ sọ́jà, ẹ óò gbé èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn. Ọ̀dà pupa... ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀dà yẹn wà fún? Ó ń bo ìlà igi mọ́lẹ̀ ni. Kí ẹ má baà rí i pé ó wọ́.

Délé, mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Gáàsì gbówó lórí, Tóyìn ìyàwó rẹ ní òun yóò máa fi igi dáná oúnjẹ tó ń tà. Ó dára. Mo yọ̀. Mo ní, iṣẹ́ ìyá mi ti padà sílé. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní àdúgbò Adébáyọ̀, tí ọwọ́ rẹ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìwọ lo ra àáké wá. Mo gbé e, orí rẹ̀ ń mì lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Délé, irin yìí kò jókòó." Kí lo wí? O ní, "Màmá, ẹ má dààmú, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i." O rọ omi sínú báàfù aṣọ, o rì í sínú rẹ̀. Lójú mi. Mo ní, "Má fi omi tún àáké ṣe." O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, gbogbo ayé ló ń ṣe é."

Gbogbo ayé. Èmi náà kọ́ sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo mọ ohun tí omi ń ṣe sí igi. Igi á mu ún, á wú, irin á le dan-in. Inú rẹ dùn, o la igi fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, oòrùn mú. Igi gbẹ, ó sún kì, ó tilẹ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. O gbé e sókè, o fi agbára sọ ọ́ kalẹ̀... èèkù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ.

Irin yẹn fò kọjá létí Tóyìn níbi tó ti jókòó tó ń bó iṣu. Mo gbọ́ bó ṣe dún kọjá. Ó kọlu ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi tó wà lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Kí ni Tóyìn sì kọ́kọ́ rí nígbà tó gbójú sókè? Àáké mi yìí, níbi tó so rọ̀ sí lókè ààrò. Ó dúdú. Ó ń dán. Awọ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀rù ba ọmọ náà, n kò bá a wí fún ìyẹn. Ikú kọjá létí ẹni, ara ẹni á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó lọ pe ìyá àdúrà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Obìnrin yẹn dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi, kò wọlé, kò kí mi. Ó ní, "Irin ló pe irin. Ohun kan wà nínú ilé yìí tí wọ́n ń fún ní epo mu."

Mo ní, "Àdín ni."

Tóyìn ló sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ohun Ṣàngó sílẹ̀ fún yín?"

Ṣàngó. Àáké ọmọ ìjọ, tó ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì fi ń la igi lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tó ń bọ òrìṣà gan-an kì í jẹ́ kí àdín dé ọ̀dọ̀ Èṣù, èèwọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ wá ń bẹ̀rù rẹ̀." Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn yóò wá sun ún. Ọ̀túnla nìyẹn. Kẹrosíìnì ti wà nílẹ̀, mo rí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

N kò sọ̀rọ̀ nítorí igi lásán, Ìbùkún. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí fóònù rẹ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, Tóyìn kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí mi. Ọmọ ọwọ́ wọn, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Láti ọjọ́ Ẹtì, n kò tíì gbé e. Mo nawọ́ sí i lánàá, ìyá rẹ̀ ní, "Ó ń sùn, Màmá." Ojú ọmọ là sílẹ̀, ó ń wò mí.

Délé sì jókòó níbẹ̀. Délé mọ̀. Délé mọ̀ pé báàfù ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O gbẹ́nu dákẹ́, o ń tẹ fóònù.

Rárá, má tíì bẹ̀ mí. Jókòó. N kò tíì sọ ohun tí mo pè yín fún. N kò sọ ọ́ fún baba yín rí, n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú.

Ó ku díẹ̀ kí n wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àáké tí a ní nígbà náà kì í ṣe èyí. Òmíràn ni, ó ti gbó, irin rẹ̀ sì ti ń mì díẹ̀. Baba mi ní kí a má fọwọ́ kàn án títí èèkù tuntun yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ti wà nínú àgbá, ọyẹ́ ti mú, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí mi pé mo lágbára. Kí ni mo ṣe? Mo gbé àáké lọ sí odò, mo rì í sínú omi, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì, ó le bí ohun tí wọ́n jó pọ̀. Mo mú un wálé, mo ń la igi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ yẹn náà, ìyá arúgbó kan wọlé wá bu iná. Yèyé Ìdí Ọsàn là ń pè é, torí igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Opó ni, kò bímọ. Nígbà náà, bí iná ẹnì kan bá kú, yóò mú àpáàdì lọ bu ẹ̀yinná nílé aládùúgbò rẹ̀. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Yèyé dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé àáké sókè, ó ní, "Ọmọ yìí mà lágbára bí ọkùnrin o." Ó bu iná rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ti mú kí igi èèkù gbẹ. Ìyá mi wà lẹ́yìn mi, ó ń di igi. Mo gbé àáké sókè. Irin àáké ìbílẹ̀ kì í fò lọ síwájú; bí a bá gbé e sókè, ẹnu rẹ̀ á kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn ló sì ń bọ́ sí. Mo kàn gbọ́ tí ìyá mi ní "ha". Ìyẹn nìkan. Ojúgun rẹ̀ ni irin náà bà. Ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀, níbi tó ti fi ọ̀pá tilẹ̀. Ẹ máa ń ní ó jọ ìyá olóyè. Ọ̀pá oyè kọ́ nìyẹn.

Ta ló bi mí léèrè ohun tí mo ṣe? Kò sẹ́ni tó bi mí. Àwọn obìnrin ilé ti rí ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní ẹnu Yèyé ni. Wọ́n ní kò bímọ, ó rí ọmọ ọlọ́mọ, ó fi ẹnu kan án. Ìbátan ìyá mi ní kí ẹnikẹ́ni má bu iná fún un mọ́. Ẹ gbọ́, nínú ọyẹ́, ìyá arúgbó kan ṣoṣo, kò síná. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń gbé omi gbígbóná fún ìyá mi, mo ń sunkún, gbogbo ènìyàn ń ní, "Ọmọ dáadáa ni." Mo pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ karùn-ún, Yèyé tún gbé àpáàdì rẹ̀ dé. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ìbátan ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kò síná níbí." Èéfín sì ń jáde lórí òrùlé wa, gbogbo àdúgbò ń rí i. Yèyé wo èéfín náà títí. Kì í pè é ní iná bíi ti ilé ìwé, Èkìtì pọ́ńbélé ló ń sọ. Ó ní, "Uná yín yìí, ṣé òun náà ń purọ́ ni?"

Ó yí padà, ó ń lọ. Àpáàdì òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo kígbe. Mo ní, "Èmi ni mo fi omi sí i. Èmi ni mo fi omi sí i."

Baba mi kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó mú igi àáké yẹn, ó ki ìka bọnú ihò rẹ̀, ó wo ibi tó ti là. Ó ní, "Ẹni tó bá fi omi tún àáké ṣe, orí ẹlòmíràn ló fi ń ṣe onídùúró." Ó mú mi lọ sílé Yèyé, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí n kò mọ bí ìkúnlẹ̀ yóò ṣe tó. Yèyé kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ bèèrè.

Baba mi ní irú ìtánràn wo ni kí àwọn san. Yèyé ní òun kò gba ìtánràn. Ó ní kí baba mi gé apá igi ọsàn òun, igi ọsàn le, ó sì dáa fún àáké. "Ṣùgbọ́n bí o bá gbẹ́ ẹ tán, lókè uná mi ni kí ó gbé."

Ṣé ẹ rí ọgbọ́n àgbà? Bí èèkù bá máa gbẹ lókè ààrò rẹ̀, iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú. Ta ni yóò máa gbé iná lọ fún un? Èmi. Láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé, mo ń gbé ẹ̀yinná lọ sílé Yèyé, títí a fi jẹ iṣu tuntun. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi àdín pa igi kí ó wọ inú, kí ó má kàn dán lójú.

Èèkù náà nìyí. Igi ọsàn Yèyé ni. Dídúdú tí Tóyìn rí yìí, èéfín ilé rẹ̀ ni. Kòtò tí ẹ rí níbí, ọwọ́ ìyá mi ló jẹ ẹ́ síbẹ̀, torí ó fi ẹsẹ̀ kan la igi títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín aṣọ, wọ́n pín ìkòkò. Mo ní àáké nìkan ni mo fẹ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé jù mí lọ, ẹ fẹ́ da kẹrosíìnì sí i. Ẹ ti mú Yèyé jáde látinú ilẹ̀, ẹ tún ń fi iná dù ú. Ayé ti lajú, ẹ ní. Ojú wo ló là? Láyé tiwa, àwa náà fẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ki ìka bọ ihò igi, tó wò ó. Ta ló wo ihò àáké yín? Ó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ lọ wò ó, àmì omi ṣì wà nínú igi rẹ̀.

Ìbùkún, bí o bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, kọ èyí náà: kí wọ́n ra igi tí a kò kùn. Kí wọ́n wo ìlà rẹ̀. Kí wọ́n fi èèkù gbígbẹ sí i, kí wọ́n fi àdín pa á, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀. Bí irin bá mì, kí wọ́n sinmi iṣẹ́. Kò sí oúnjẹ tó ń jóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀. Géètì ti dún. Ìró bàtà Tóyìn nìyẹn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ké.

Má pa fóònù yẹn, Ìbùkún.

Délé, dìde. Má wò mí. N kò ní í bá ọ sọ ọ́, n kò sì ní í bẹ ìyàwó rẹ nítorí ohun tí n kò ṣe. Ẹnu tìrẹ ni kí ó ti gbọ́ ọ. Èmi pa tèmi mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́rin péré, ìyá mi sì tiro wọ ilẹ̀. Ìwọ ti lo mẹ́fà.

Lọ bá a gba ọmọ lẹ́yìn. Kí o tó gbé e fún mi, sọ fún un ohun tó wà nínú báàfù.